Ẹni Tó Ń Yan àti Ẹni Tó Ń Yàn

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè Yorùbá tó jẹ́ pé àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. *Yan*, tí a kò fi àmì sí lórí, ni kí èèyàn máa rìn tìgbéraga-tìgbéraga kí ojú lè rí i. Ṣọ́jà ń yan, ọmọ ọba ń yan, ẹni tó wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ ọdún náà ń yan fanda. *Yàn*, tó gba ohùn ìsàlẹ̀, ni kí èèyàn wo ohun méjì tàbí mẹ́ta, kó sì mú ọ̀kan nínú wọn. Èkíní jẹ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀, èkejì jẹ́ iṣẹ́ ọkàn. Síbẹ̀, ní ìlú tí ọ̀dọ́ bá pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í jìnnà síra wọn. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń yan láàárín títì, ẹlòmíràn wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ń wò ó, tó sì ń yàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ìrọ̀lẹ́ kan ní Kambolé, lórílẹ̀-èdè Tógò. Ọmọkùnrin kan ti Nàìjíríà dé lánàá. Kẹ̀kẹ́ tuntun ló gùn, ike tí wọ́n fi wé ọ̀pá rẹ̀ láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀, kò jẹ́ já a. Ó so rédíò kékeré mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì jẹ́ kó pariwo dáadáa. Ó ti gba iwájú mọ́sálásí kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ ọdún 13 kan jókòó ti ìwé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó máa ká lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí kẹ̀kẹ́ yẹn fi máa kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà ti mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe.

Ohun tí àlàyé yìí fẹ́ fi yé wa kò ju èyí lọ: kì í ṣe ìgbà tí àgbà bá pe ọ̀dọ́ jókòó, tó bi í pé "kí lo fẹ́ dà?", ni ọ̀rọ̀ ọ̀la rẹ̀ ń di mímọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ láti ọjọ́ pípẹ́, nínú ohun tí àwọn tó yí i ká ń gbé síwájú rẹ̀, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ohun tí wọ́n ń gbé pa mọ́ fún un.

Ìlú tó wà láàárín ọ̀nà méjì

Kambolé wà ní àgbègbè Tchamba, ní ẹkùn àárín gbùngbùn Tógò, nítòsí ààlà Bẹ̀nẹ̀. Èdè Nàgó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Manigri tó wà lódìkejì ààlà, lágbègbè Bassila, ìbátan Yorùbá sì ni. Àwọn aládùúgbò wọn ní Tchamba ń sọ Akaselem. Bí a bá tún lọ síwájú dé Sokodé, èdè Tem tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Kotokoli ló gbòde. Nítorí náà, ọmọ Kambolé á sọ Nàgó nílé, á gbọ́ Kotokoli lọ́jà, á sì ka Faransé nílé ìwé.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó forí lé ìwọ̀-oòrùn máa gbé e dé Tchamba, á sì gbé e dé Sokodé, ìlú tó tóbi ṣe ìkejì ní Tógò, níbi tí ọ̀nà ńlá tó ti Lomé wá ti ń kọjá lọ sí àríwá títí dé Burkina Faso. Ọ̀nà yìí jẹ́ ọ̀nà ilé ìwé gíga, ọ́fíìsì ìjọba, ọjà ńlá àti ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Èyí tó forí lé ìlà-oòrùn máa gba Bassila àti Parakou kọjá, á sì wọ Nàìjíríà. Èyí ni ọ̀nà oko.

Ẹ wo bí èdè ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí Faransé ń há mọ́ lẹ́nu níwájú olùkọ́ gbọ́ pé bí òun bá dé ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, tí òun sì fara balẹ̀, òun á gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n á sì gbọ́ tòun. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí ọ̀nà jíjìn dà bí ẹ̀yìnkùlé. Èdè tó jọra a máa sọ àjèjì di ìbátan lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ewu ti ń wọlé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kí ọ ní èdè ìyá rẹ ni ọmọ ìyá rẹ.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àti rédíò

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ayé gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ ojú omi kan, Etireno, tó kó àwọn ọmọdé láti Cotonou lọ sí Gabon, tí wọ́n lé padà níbẹ̀. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara wọn pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọdé agbègbè yìí. Ní 2002, àwọn olùwádìí àjọ Human Rights Watch wá sí Tógò, wọ́n bá àwọn ọmọ tó ti lọ tó sì ti bọ̀ sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, wọ́n gbé ìròyìn kan jáde tí wọ́n pè ní *Borderline Slavery*.

Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ náà ní apá méjì. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ń kó lọ fún iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọjà títà, ní Tógò níbẹ̀ àti ní Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Gabon. Àwọn ọmọkùnrin ní tiwọn, oko ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú wọn lọ ní Nàìjíríà. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn kì í ṣe owó oṣù. Kẹ̀kẹ́ ni, tàbí rédíò, tàbí kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́. Ọmọ á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọjọ́ á gorí ọjọ́. Bí sáà bá parí, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní kó wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Ìjọba Tógò ṣe òfin lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 2005, òfin tó ka kíkó ọmọdé ṣòwò sí ọ̀ràn. Ìwé òfin tó dá lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé tẹ̀ lé e ní 2007. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ní 2008, ìjọba mú owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kúrò. Gbogbo èyí ṣe ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè já ike kúrò lára kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń yan. Lónìí, ohun ìyan ti yí padà, alùpùpù àti fóònù olówó ńlá ti gba ipò kẹ̀kẹ́ àti rédíò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kò yí padà.

Ìwọ̀fà tí kò ní ẹlẹ́rìí

Àwọn baba ńlá wa mọ irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ní orúkọ fún un: ìwọ̀fà. Bí ẹnì kan bá yá owó, ó lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni èlé, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó gan-an. Bó bá kọ ebè fún ọdún mẹ́wàá, gbèsè ṣì wà bó ṣe wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó pé ni wọ́n tó lè yọ ọmọ.

Ìyà wà nínú ìwọ̀fà, kò sí ìdí tí a ó fi máa fi ẹwà bò ó. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ọmọ tó ń bá alágbàtà lọ sóko lónìí kò ní. Àwọn ẹbí ìwọ̀fà mọ ilé tó wà. Wọ́n mọ iye owó tó wà nílẹ̀. Ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ka owó náà. Ọmọ tó bá ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọdá Bẹ̀nẹ̀ lónìí kò mọ orúkọ abà tó ń lọ, kò mọ èló ni wọ́n ń pe owó ọkọ̀ tí wọ́n "bá a san," kò sì sí ẹlẹ́rìí kankan yàtọ̀ sí ẹni tó ń jèrè lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù mélòó kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ pé owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó bàtà àti owó oògùn ibà ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ìwọ̀fà ni, ṣùgbọ́n gbèsè tí òun àti ẹbí rẹ̀ kò yá ló ń sìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ kì í sọ iye tí wọ́n rà á. Láti ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Tógò fọwọ́ sí jẹ́ 52,500 sẹfa. Ká sọ pé ọmọ kan ṣiṣẹ́ oṣù 18. Bí a bá fi iye yẹn wọ̀n ọ́n, 945,000 sẹfa ni. Mo mọ̀ pé oko kì í san owó bíi ti ọ́fíìsì, mo sì mọ̀ pé ọmọ ọdún 13 kò yẹ ní iṣẹ́ lébìrà rárá. Òṣùwọ̀n lásán ni mo fi ṣe. Kódà, ká dá a sí méjì, ká ní ìdajì péré ló tọ́ sí i, kẹ̀kẹ́ wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Owó sì nìyẹn o, ọjọ́ orí ńkọ́? Nígbà tó wà lóko, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò níbi tó fi wọ́n sí, wọ́n ti ń múra ìdánwò BEPC tó ń parí ìpele àkọ́kọ́ girama. Bó bá ní òun fẹ́ padà sí kíláàsì, àwọn ọmọ tó ń rán níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa jókòó tì. Ojú á tì í. Ìtìjú yẹn ló sábà máa ń dá a padà sóko, kì í ṣe ìfẹ́ oko. Táyà kẹ̀kẹ́ bá jẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lẹ ọdún tó ti lọ.

Bí ẹlẹgbẹ́ ṣe ń yàn fún ẹlẹgbẹ́

A máa ń sọ pé àgùtàn tó bá ń bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ fún wa. Ajá kì í pe àgùtàn pé "wá jẹ ìgbẹ́." Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà wọlé.

Èkíní ni pé ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́ kì í ṣe ojú ní kàyéfì mọ́. Nínú agboolé tí ọmọ mẹ́ta ti lọ sóko, ìbéèrè ọmọ kẹrin kì í ṣe "ṣé kí n lọ?" mọ́, ó ti di "ìgbà wo ni mò ń lọ?" Bákan náà, nínú agboolé tí ọmọ mẹ́ta ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, ọmọ kẹrin kò ní ẹnu láti sọ pé òun kò kàwé mọ́. Kò sí ẹni tó fi túláàsì mú èkíní tàbí èkejì. Ohun tí àwọn tó ṣáájú wọn ṣe ló ti pinnu ìbéèrè tí wọ́n máa bi ara wọn.

Èkejì ni ìdákẹ́jẹ́, èyí ló sì burú jù. Ẹni tó rí kẹ̀kẹ́ gbà ló ń gba àárín ìlú wọlé lọ́sàn-án. Ẹni tí kò rí nǹkan gbà, òru ló ń dé. Ẹni tó ṣàìsàn dé, inú yàrá ìyá rẹ̀ ló wà. Ẹni tí kò dé rárá, àwọn èèyàn rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ sókè. Nítorí náà, ohun tí ọmọ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ń rí kì í ṣe oko. Ẹyọ kan ló ń rí nínú àwọn púpọ̀ tó lọ. Ẹni tó ń yan náà mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa sọ ọ́? Bó bá sọ pé wọ́n lu òun, pé orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni òun sùn, iyì kẹ̀kẹ́ ti lọ nìyẹn, iyì yẹn nìkan sì lohun tó rí mú bọ̀. Ẹ má pè é ní onírọ́. Ọmọ tí ojú ń tì ni.

Ẹ̀kẹta ni oore àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ tó fẹ́ múni lọ kì í béèrè nǹkan lákọ̀ọ́kọ́, fífún ló ń fúnni. Ó lè jẹ́ owó fóònù, ó lè jẹ́ bàtà, ó lè jẹ́ oúnjẹ alẹ́. Oore náà ló ń di okùn, torí Yorùbá kì í gbàgbé oore, ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni kì í sì í lè sọ pé "rárá" fún ẹni tó ṣe é lóore. Ẹ̀kọ́ ilé gan-an ni wọ́n fi ń mú un.

Oògùn tramadol náà ń gba ọ̀nà kẹta yìí wọlé. Oògùn ìrora ni, dókítà ló yẹ kó fúnni. Ṣùgbọ́n káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Tógò títí dé Nàìjíríà, àwọn tó ń wa zémidjan, ìyẹn alùpùpù akérò, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára ń lò ó kó má bàa rẹ̀ wọ́n. Ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń fúnni ní hóró àkọ́kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé "lo èyí, o ò ní mọ̀ pé o ṣiṣẹ́." Ara kò ní mọ̀ lóòótọ́, lọ́jọ́ yẹn. Bó bá yá, ara kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí i, hóró kan á di méjì, ọ̀rẹ́ tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ á sì di ẹni tó ń tà á fúnni.

Ìrìnàjò kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí lè rò pé mò ń sọ pé kí ọmọ Kambolé jókòó sílé títí. Rárá o. Bí kì í bá ṣe ìrìnàjò, èdè Nàgó ì bá ti ṣe dé àárín gbùngbùn Tógò? Sokodé fúnra rẹ̀ ní àwọn ọmọ tó wà ní Jámánì tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 sì fún ọmọ Tógò láyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Nàìjíríà, kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà, níwọ̀n ìgbà tí ìwé rẹ̀ bá pé. Àgbàlagbà tó mọ ibi tó ń lọ, tó mọ iye tí wọ́n máa san fún un, tí káàdì rẹ̀ sì wà lápò rẹ̀, ọmọ ìrìnàjò ni. Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ọmọ ọdún 13? Ó lè padà sílé lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ibi tí ilẹ̀kùn ìpadàbọ̀ kò bá sí, ẹ má pè é ní ìrìnàjò mọ́.

Ẹgbẹ́ tí kì í yan

Ẹgbẹ́ rere ní ìṣòro kan: kò ní ohun tó fi ń yan. Ẹ jẹ́ ká yà sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Tchamba tàbí Sokodé. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Ilẹ̀ ló ń gbá láàárọ̀. Ó ń ṣa abẹ́rẹ́ àti píìnì tó já bọ́, ó ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Nígbà tí ọ̀gá bá máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ, bébà àpò sìmẹ́ńtì ni yóò fi gé e, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹwàá, títí ọwọ́ á fi mọ ọ̀nà. Ta ló máa fi bébà sìmẹ́ńtì yan káàkiri ìlú? Kò sí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó lè jókòó fún ìdánwò tí wọ́n ń pè ní CFA, ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ kíkọ́. Wọ́n á ṣe ayẹyẹ òmìnira fún un, ọ̀gá á gbàdúrà lé e lórí, òun náà á sì wọ aṣọ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ló fi yan. Ẹni tó ń kọjá lọ́nà ní ọdún tó ṣáájú kò rí nǹkan kan.

Àmọ́ ká sọ òótọ́: àwọn ọ̀gá kan wà tó ń sọ ọmọ iṣẹ́ di ìwọ̀fà, tó jẹ́ pé oko àti omi pípọn ni wọ́n ń fi ọdún rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, kí òbí bá ọ̀gá kọ ìwé àdéhùn, kí ó mọ ọdún tí yóò parí, kó sì máa yọjú.

Tàbí ká wo kajú. Àgbègbè Tchamba jẹ́ ilẹ̀ kajú. Ìlú Tchamba gan-an ni ilé-iṣẹ́ Cajou Espoir ti ń pa èso náà, tó sì fún ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́, pàápàá àwọn obìnrin. Bí a bá gbin kajú ní mítà 10 sí mítà 10, hẹ́kítà kan máa gba igi 100. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń gbà kó tó so dáadáa. Láàárín ìgbà náà, èèyàn lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀pà sáàárín rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tí bàbá rẹ̀ fún ní ilẹ̀ díẹ̀, tó gbìn ín lẹ́yìn ilé ìwé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń bára wọn ṣe ọ̀wẹ̀, yóò ti máa ká èso nígbà tó bá pé ọdún 20. Lọ́dún àkọ́kọ́, igi náà kò ga ju orúnkún lọ. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ilé ìwé pẹ̀lú ní irú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó fi ilé sílẹ̀ lọ kàwé ní Sokodé sábà máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa owó pọ̀ gba yàrá kan. Nínú yàrá yẹn, kò sí bàbá, kò sí ìyá. Bí ẹni méjì nínú mẹ́ta bá ń jí kàwé ní ìdájí, ìtìjú ni yóò jí ẹ̀kẹta. Bí méjì bá ń sùn títí oòrùn fi yọ, ìtìjú kan náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀kẹta tan iná. Àní ọ̀rọ̀ owó náà ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́: FNFI, àjọ ẹ̀yáwó tí ìjọba Tógò dá sílẹ̀ ní 2014, ní ẹ̀yáwó kan tó jẹ́ pé àwọn èèyàn ló ń kóra jọ gbà á, tí oníkálukú sì ń dúró fún ẹnì kejì rẹ̀. Níbẹ̀, àwọn tí o bá ń rìn gan-an ni dúkìá tí o fi dúró.

Ìbéèrè márùn-ún kí o tó tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ẹnì kan ń fi ọ̀nà hàn, ì báà jẹ́ ọ̀nà oko, ọ̀nà ìlú ńlá tàbí ọ̀nà òkè òkun, bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí, lójú ẹnì kẹta.

Kí ni orúkọ ibi tí mò ń lọ, ta ni mo sì lè bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórí fóònù tí kì í ṣe ìwọ? Èló ni wọ́n máa san, ìgbà wo, ta sì ni ẹlẹ́rìí? Owó ọkọ̀ tí ẹ bá mi san, èló ni, ọjọ́ wo sì ni mo máa san án tán? Bí mo bá fẹ́ padà lọ́la, ta ló máa di káàdì mi mú? Ìkarùn-ún ló le jù: nínú àwọn tí o ti mú lọ, ta ni kò tíì dé?

Ẹni tó fẹ́ ire fún ọ kò ní bínú sí ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá bínú ti dáhùn nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí náà, bí ọmọdé bá ń gé igi, àgbà ló ń mọ ibi tí yóò wó sí. Ẹ má sọ pé "òun ló ní òun fẹ́ lọ." Ọmọ ọdún 13 tó ní òun fẹ́ lọ kò tíì rí ibi tí igi ń wó sí. Ẹ sì rántí pé òwò ọmọdé náà kì í wọ inú ilé láìgba ẹnu ọ̀nà: ìbátan tàbí ojúlùmọ̀ ló sábà máa ń kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí ọmọdé tí wọ́n ń kó lọ, ẹ pe 1011, ìlà fóònù ọ̀fẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọdé ní Tógò.

Ó wá ku ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́. Òun náà, ọ̀dọ́ ni, ọ̀la tirẹ̀ náà kò tíì parí. Bí a bá ń yìn ín nítorí kẹ̀kẹ́, yóò padà lọ mú òmíràn bọ̀. Bí a bá ń bú u, yóò lọ bá àwọn tí kò ní bú u jókòó. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan pè é wọlé lálẹ́, kó fún un lómi àti oúnjẹ, kó jẹ́ kó pa rédíò, kó wá bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í látìgbà tó ti dé: "Kí lojú rẹ rí?" Kí ọmọ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò sì wà níbẹ̀, kó gbọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ṣì sọ pé òun fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ àná, ohun kan ṣoṣo ló rí. Ní alẹ́ yìí, ohun méjì ló wà níwájú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti iye rẹ̀. Ìgbà tí ohun bá di méjì lójú èèyàn la tó lè sọ pé ó ń yàn.